Dékáàlì tó yọ́ sínú omi: àgbéyẹ̀wò abala àwòrán fún ọkọ̀ òfuurufú 1/72

Dékáàlì ni àwòrán orí awọ fẹ́lẹ́ tí a máa ń rì bọ omi kó lè yọ̀ kúrò lórí bébà, ká tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara módẹ́ẹ̀lì. Mo ra abala kan fún módẹ́ẹ̀lì ọkọ̀ òfuurufú mi, tí ọkọ̀ gidi gùn jù ú lọ ní ìlọ́po 72. Ìṣẹ́jú àáyá 10 péré ni nọ́mbà ìrù ọkọ̀ náà lò nínú omi kó tó di omi pupa. Kò ya, kò ká. Ńṣe ló yọ́. Awọ kan tó mọ́ gaara ló kù lórí bébà.

Mo kọ̀wé sí ilé ìtajà náà. Òṣìṣẹ́ àkọ́kọ́ ní, "Ẹ má bínú, ó jọ pé omi yín gbóná jù." Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni. Ẹnì kejì ní mo jẹ́ kó pẹ́ jù nínú omi. Ìṣẹ́jú àáyá 10! Mo wá fi òwú tútù nu igun kan lára abala tí omi ò tíì kàn rárá, òwú náà sì pọ́n wẹ̀ẹ̀. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́.

Ẹnì kẹta ò wí àwíjàre kankan. Ó bi mí pé, "Ṣé ẹ fín fáníìṣì sí i kí ẹ tó gé e?" Ọ̀rọ̀ ọ̀hún nìyẹn. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé inkjet, tó ń fín íǹkì olómi, ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, íǹkì rẹ̀ sì máa ń bá omi lọ bí kò bá sí fáníìṣì, ìyẹn ọ̀dà tó mọ́ gaara, tó bò ó. Èyí tí a fi laser tẹ̀ kì í yọ́ báyìí, torí ìyẹ̀fun ike tí ooru ti lẹ̀ mọ́ bébà ni. Wọn ò kọ èyíkéyìí nínú rẹ̀ sára abala náà.

Ó fi òmíràn ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì là á yé mi: ẹ fín fáníìṣì akírílíìkì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀mẹta, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbẹ kí òmíràn tó tẹ̀ lé e, kó sì sùn mọ́jú. Ẹ má ṣe é lẹ́ẹ̀mẹrin: awọ á le, Micro Sol, omi tó ń mú dékáàlì rọ̀, ò sì ní lè fà á wọnú àwọn ìlà tó wà lára módẹ́ẹ̀lì.

Kí n má purọ́, ìkejì yìí dára gan-an. Ó fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà. Orí ọ̀dà dídán ni mo lẹ̀ ẹ́ mọ́, torí ara ọ̀dà tí kò dán rí hẹ́rẹhẹ̀rẹ, afẹ́fẹ́ á há sábẹ́ awọ, á máa tàn bíi fàdákà. Mo gé e sún mọ́ àwòrán, mo rì í bọ omi, mo yọ ọ́, mo sì dúró títí ó fi ń yọ̀ lórí bébà. Micro Set, omi tó ń jẹ́ kó lẹ̀ dáadáa, lọ sábẹ́. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì tútù tì í kúrò lórí bébà, mo fi òwú tẹ̀ ẹ́ láti àárín lọ sí etí. Micro Sol ló kàn lókè. Ó máa hunjọ bí ojú arúgbó. Ẹ má fọwọ́ kàn án! Yóò tẹ́jú fúnra rẹ̀ bó bá ń gbẹ. Ibi tó bá ṣì wú, ẹ fi abẹ́rẹ́ gún un, kí ẹ tún kan Micro Sol sí i. Létí ìyẹ́ tó rí roboto, mo fi abẹ là á díẹ̀ kó lè káko.

Wàhálà mìíràn tún wà. Abala náà ò ní funfun: ibi tí ìràwọ̀ yẹ kó ti funfun, ọ̀dà àwọ̀ ewé abẹ́ rẹ̀ ló hàn. Ọ̀dà funfun ni mo kọ́kọ́ fi kùn ibẹ̀, iṣẹ́ wákàtí kan tí ẹnikẹ́ni ò dárúkọ fún mi.

Ní ti bíbò ó, ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú, kí ẹ fi omi nu gọ́ọ̀mù tó kù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò fi àbàwọ́n sílẹ̀. Fáníìṣì dídán kọ́kọ́, fẹ́ẹ́rẹ́ bí ìrì, torí èyí tó bá pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lè hun awọ. Lẹ́yìn náà ni èyí tí kò dán.

Abala kejì tí wọ́n fi ránṣẹ́ náà ò ní ìlànà kankan lára, àfi iye owó rẹ̀. Ìràwọ̀ 4 nínú 5.