Télọ̀ Kétu tó ń fi ara ẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti télọ̀ kan fún yín, ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ò jìnnà sí Àkábà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú wa, ní Kétu ilẹ̀ Benin níbí, mi ò ní dárúkọ ẹ̀ o, torí mo ṣì máa gbé aṣọ míì lọ fún un.

Iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ dáa. Ọrùn bùbá jókòó, ṣòkòtò ò fún mi nítan, 5 000 sẹ́ẹ̀fà ló gbà. Àmọ́ nǹkan tó ń gbé èèyàn lọ síbẹ̀ gan-an ni káyé kan, ìwé ìkọ̀wé irú ti àwọn ọmọ iléèwé, tó fi okùn so mọ́ ara máṣíìnì. Gbogbo aṣìṣe tó bá ṣe ló ń kọ síbẹ̀, àwa tá à ń dúró gbaṣọ la máa ń kà á. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù, ó rán etí ṣòkòtò ara ẹ̀ mọ́ aṣọ oníbàárà, kò mọ̀, ni bàbá ìyàwó ẹ̀ bá wọlé. Ó kọ ọ́ báyìí: «Mo dọ̀bálẹ̀, máṣíìnì náà bá mi dọ̀bálẹ̀.»

A mọ ẹ̀fẹ̀ ní Kétu, ṣebí ìlú Gẹ̀lẹ̀dẹ́ nìyí, UNESCO pàápàá ti kéde ẹ̀ ní ogún àṣà aráyé lọ́dún 2001. Ṣùgbọ́n lálẹ́ ẹ̀fẹ̀, ẹlòmíì ni wọ́n máa fi kọrin, ìwọ á kàn máa gbàdúrà kó má kàn ọ́. Ọkùnrin yìí ní tiẹ̀, òun fúnra ẹ̀ ló ń pe ara ẹ̀ jáde, bó o bá gbé ìbínú wá, ó ti bú ara ẹ̀ ju bó o ṣe fẹ́ bú u lọ, kí lo tún fẹ́ sọ?

Gbogbo ojú ìwé kọ́ ló dùn ṣá o. Ibì kan wà tó kàn ń kọ pé òun ò mọ nǹkan kan, òun ò wúlò, kò sọ aṣọ tó bàjẹ́, kò sọ bó ṣe bàjẹ́, ṣe ló ń wá ẹni tó máa sọ pé «rárá ẹ̀gbọ́n, ẹ mọṣẹ́ o». Mi ò sọ ọ́.

Àti pé bẹ́ ẹ bá ń ránṣọ Iléyá, ẹ fi ọjọ́ mẹ́ta purọ́ fún un. Ọjọ́rú ló dá fún mi. Mo débẹ̀, kò tíì gé e, mo la ẹnu kí n pariwo, ó na káyé sí mi, ó ti kọ ti òní. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, orí zémì, ọ̀kadà tiwa níbí, ni mo wà kí n tó rántí pé ọwọ́ òfo ni mò ń gbé lọ sílé.