Cryptic crossword ti Guardian: ó le, àmọ́ kì í rẹ́ni jẹ

Ẹni tó bá mọ crossword lásán, ìyẹn eré tí a ti ń fi lẹ́tà ìdáhùn kún àwọn àpótí tó dábùú ara wọn, tó wá ṣí cryptic crossword ti Guardian, ìwé ìròyìn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fún ìgbà àkọ́kọ́, lè rò pé orí ẹni tó kọ ọ́ kò pé. Gbólóhùn tó já gaara ni clue kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ìbéèrè tó ń tọ́ni sí ìdáhùn, ó ń sọ̀rọ̀ ọkọ̀, òdòdó, atukọ̀ tàbí dókítà, àmọ́ bẹ́ ẹ bá gbà á bó ṣe wí, ilẹ̀ á ṣú bá yín lórí clue kan ṣoṣo. Ó ti pẹ́ tí èmi àti ẹ̀ ti ń fà á. Mi ò tíì rí eré ọpọlọ mìíràn tó ń dáni lágara tó bẹ́ẹ̀, tó sì tún ń dùn mọ́ni tó bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn náà.

Ìlànà rẹ̀ ò ju báyìí lọ: apá méjì ni clue ní. Apá kan, tó máa ń wà ní ìbẹ̀rẹ̀ tàbí ní ìparí, ń sọ ìtumọ̀ ìdáhùn. Apá kejì ń sọ bí ẹ ṣe máa to lẹ́tà ìdáhùn náà jọ. Àlọ́ ni, àmọ́ àlọ́ tó ń fún yín ní ìdáhùn kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Wàhálà ibẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó máa fi ibi tí apá kan parí sí hàn yín, ẹni tó ṣe é sì ti sa gbogbo ipá rẹ̀ láti pa ojú ibẹ̀ rẹ́.

Mo ṣe méjì fúnra mi kó lè yé yín. Àkọ́kọ́: “Vehicle, then favourite, lying on the floor (6)”. Ọkọ̀ ni CAR, ààyò ni PET. Ẹ so wọ́n pọ̀, ó di CARPET, ohun tí a ń tẹ́ sílẹ̀. Iye lẹ́tà ni 6 yẹn. Èyí rọrùn. Ìkejì: “Some of Brad is hungry for a root (6)”. Bẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ronú nípa Brad àti ebi tó ń pa á, ẹ ti ṣìnà nìyẹn. Ohun tí “some of” ń sọ ni pé kẹ́ ẹ gé díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e. Ẹ wo àárín “Brad is hungry” dáadáa, láti orí R títí dé H: RADISH, gbòǹgbò kan tí wọ́n ń jẹ, wà níbẹ̀ gbangba. Kò sí lẹ́tà kankan tó fara pa mọ́, ojú wa ló kọ̀ láti rí i.

Clue méjì yẹn rọrùn gan-an lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí ẹ máa bá pàdé. Àwọn tó le máa ń pa ọgbọ́n mẹ́ta tàbí mẹ́rin pọ̀ sínú ọ̀rọ̀ márùn-ún: wọ́n á da lẹ́tà ọ̀rọ̀ kan rú, wọ́n á yọ lẹ́tà kan kúrò, wọ́n á ka èyí tó kù láti ẹ̀yìn, wọ́n á sì fi ọ̀rọ̀ mìíràn há a mọ́ àárín. Wọ́n á kọ “flower”, ọkàn yín á lọ sórí òdòdó, nígbà tó jẹ́ odò ni wọ́n ń sọ, nítorí odò ń ṣàn, ohun tó bá sì ń “flow”, “flower” ni. Bó ṣe jẹ́ nìyẹn tí “flower” fi lè di THAMES, odò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Síbẹ̀, ìdí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ ni pé kì í rẹ́ni jẹ. Ọkùnrin kan tó ń ṣe crossword lórúkọ Afrit ló fi òfin náà lélẹ̀ láyé àtijọ́: ohun tí ẹ sọ lè má jẹ́ ohun tó wà lọ́kàn yín, àmọ́ ohun tó wà lọ́kàn yín gbọ́dọ̀ wà nínú ohun tí ẹ sọ. Ẹ lè tan òǹkàwé bó ṣe wù yín, ẹ ò gbọ́dọ̀ purọ́ fún un. Tí mo bá sì ti jókòó ti clue kan títí tí ojú mi fi ń ṣe bàìbàì, tí mo gbé e jù sílẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ mìíràn, tí ìdáhùn wá já wọlé lójijì, mi ò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún mi pé mo gbà á. Ìtumọ̀ bá a mu, lẹ́tà bá a mu, àwọn lẹ́tà tó fi dábùú ìdáhùn mìíràn náà bá a mu. Mélòó nínú ọ̀rọ̀ ayé ló ń dá wa lójú báyẹn?

Orúkọ ìnagijẹ ni àwọn tó ń ṣe é ń lò, kò sì ní í pẹ́ tẹ́ ẹ fi máa mọ ìwà oníkálukú wọn. Èyí tó lókìkí jù ni Araucaria, ìyẹn John Graham, àlùfáà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí fún Guardian ní 1958. Nínú crossword rẹ̀ kan tí wọ́n gbé jáde níbẹ̀rẹ̀ 2013, ó kéde àìsàn ara rẹ̀. Àfi ẹni tó bá yanjú clue ló máa rí CANCER (àrùn jẹjẹrẹ), OESOPHAGUS (ọ̀nà tí oúnjẹ ń gbà láti ọ̀fun lọ sí ikùn) àti PALLIATIVE CARE (ìtọ́jú tó ń dín ìrora kù). Ó kú ní oṣù kọkànlá ọdún náà, ní ẹni ọdún 92. Tí mo bá rántí pé èèyàn lè fi àpótí 15 ní òró àti 15 ní ìbú sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún àwọn òǹkàwé rẹ̀, ìyì tí mo ń fún iṣẹ́ náà máa ń pọ̀ sí i.

Ohun kan ń ṣòro fún ẹni tí kò dàgbà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kì í sì í ṣe ti Guardian nìkan, gbogbo cryptic crossword ilẹ̀ náà ló ní in. “Duck” lè jẹ́ O, nítorí òdo ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ nínú eré kíríkẹ́ẹ̀tì. “Sailor” lè jẹ́ TAR tàbí AB, “worker” lè jẹ́ ANT tàbí BEE, “doctor” sì lè jẹ́ DR, MO tàbí MB. Kò sí bí ọpọlọ ṣe lè dá hùmọ̀ ìwọ̀nyí, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́ wọn ni. Mo ní ìwé kékeré kan tí mo ń kọ wọ́n sí, ìwé atúmọ̀ èdè Chambers sì máa ń wà nítòsí mi.

Lórí ìkànnì Guardian, bọ́tìnì “Check this” dára, ó ń sọ bóyá ẹ gbà á. Ti “Reveal this” lẹ máa ṣọ́ra fún, torí ìdáhùn tí wọ́n bá fi hàn yín kì í dùn, bẹ́ẹ̀ lẹ ò ní í rí ìgbà mìíràn yanjú clue yẹn. Ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ lè kọ́kọ́ ṣe Quick cryptic, tó ń sọ irú ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kó tó kan Quiptic, ìyẹn cryptic wọn mìíràn tó rọrùn, lẹ́yìn náà kó bọ́ sórí ti ọjọ́ Mọ́ńdè, tó sábà máa ń rọrùn ju ti àwọn ọjọ́ yòókù lọ. Èmi ò lè fi Prize, ìyẹn cryptic ti ọjọ́ Sátidé, ṣeré. Kò sí “Check” níbẹ̀, kò sí “Reveal”, àfi ìgbà tí wọ́n bá tó gbé ìdáhùn jáde, mo sì máa ń fẹ́ ti yanjú gbogbo rẹ̀ kó tó dìgbà náà.