GeoGebra: ohun tí lẹ́tà b fojú wa rí

Iṣẹ́ mi ni kí n kọ́ àwọn tó fẹ́ di olùkọ́ ìṣirò, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Kò sí èyí tí kò lè ya gíráàfù y = x² nínú wọn: wọ́n á ṣe tébù, wọ́n á to àmì sórí bébà, wọ́n á fọwọ́ so wọ́n pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n pé kí ni function (òfin tó ń sọ x kọ̀ọ̀kan di y kan ṣoṣo) ń ṣe gan-an, ẹnu wọn á wọhò.

Sáà tó kọjá ni mo gbé GeoGebra, ètò orí kọ̀ǹpútà àti fóònù tí a fi ń ya gíráàfù, wọ kíláàsì. Markus Hohenwarter ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2001 ní Yunifásítì Salzburg, ní Austria. A kì í sanwó tó bá jẹ́ ẹ̀kọ́ la fẹ́ fi kọ́. Bó bá sì ti wọ orí fóònù, ó ń ya gíráàfù láìjẹ dátà. Ìyẹn nìkan ti tó kí n fẹ́ràn rẹ̀.

Mo tẹ f(x) = ax² + bx + c. Kíá, a, b àti c yọ jáde, kálukú pẹ̀lú ìlà kékeré tí èèyàn ń fi ìka fà síwá-sẹ́yìn. A fa a: gíráàfù náà, tó rí bí abọ́, há, ó fẹ̀, nígbà tó kọjá òdo, ó dojú dé. A fa c: ó ń gòkè, ó ń sọ̀. Kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Kí n tó fọwọ́ kan b ni mo ní kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rò sílẹ̀. Gbogbo wọn kọ ọ́ pé ẹ̀gbẹ́ ló máa sún sí. Kí n má purọ́, ohun tí èmi náà ti ń sọ fún àwọn tó ṣáájú wọn nìyẹn.

Abọ́ náà sún lóòótọ́, àmọ́ bó ṣe ń sún ló ń rì. Mo fi àmì sí ìdí rẹ̀, mo ní kó máa fi ipasẹ̀ sílẹ̀. Ipasẹ̀ yẹn ya abọ́ mìíràn, tó dojú dé! Ọmọbìnrin kan láti ẹ̀yìn ní, "Sà, ta ló ń ya ìyẹn?"

Ṣọ́ọ̀kì la fi dá a lóhùn. Ìdí abọ́ wà níbi x = −b/2a, ìyẹn ni pé b = −2ax; ẹ fi èyí sípò b, y = c − ax² ló kù. GeoGebra kò sọ ohun tó fà á fún wa, òun ló kàn jẹ́ kí wọ́n fẹ́ mọ̀ ọ́n.

Ẹ má fi ojú nìkan gba gíráàfù gbọ́ o. Ẹ tẹ f(x) = (x² − 4)/(x − 2), ìlà gbọọrọ tí kò já níbì kankan lẹ máa rí, bẹ́ẹ̀ ihò wà níbi x = 2. Ẹ wá tẹ f(2), àmì ìbéèrè ló máa fún yín. Lórí fóònù kékeré, ìka tún ń bo ohun tí a fẹ́ wò. Ní kíláàsì tèmi, ẹni mẹ́rin ló ń pín ọ̀kan lò.

Ọmọbìnrin tó béèrè ọ̀rọ̀ yẹn lọ ṣe teaching practice ní ilé ìwé tí kò níná. Ó tẹ wáyà bí abọ́, ó ya ìlà x àti y sójú pátákó, ó ń sún wáyà náà lójú àwọn ọmọ SS2. Ó fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp: "Sà, b rèé o."