Páálí Onígun Mẹ́fà fún Kúbùsù Alábùlẹ̀: Iṣẹ́ Ilé Ìtẹ̀wé Kan ní Ìlọrin

Ẹni tó bá fẹ́ fi ọwọ́ rán kúbùsù alábùlẹ̀ onígun mẹ́fà ní Ìlọrin kò ní láti máa retí páálí tí a ń ṣẹ́ aṣọ bò láti òkè òkun mọ́. Ilé ìtẹ̀wé kan ní àdúgbò Táíwò ń fi ẹ̀rọ gé e, mo sì ti fi páálí wọn rán aṣọ tó pọ̀ tó láti sọ ibi tí ó dára sí àti ibi tí ó kù díẹ̀ káàtó.

Nínú ìránṣọ yìí, páálí ni ó ń pinnu bí iṣẹ́ yóò ti rí. A ó gé ìrépé aṣọ tí ó fi ìdá kan nínú mẹ́rin íńṣì yọ kọjá páálí yíká, a ó ṣẹ́ etí rẹ̀ bò ó, a ó sì ṣe táàkì rẹ̀, ìyẹn ni pé a ó rán an fún ìgbà díẹ̀, kí ó má baà tú. Lẹ́yìn náà ni a ó dojú ẹyọ méjì kọra, tí a ó máa fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín rán etí wọn mọ́ra, kí abẹ́rẹ́ mú fọ́nrán aṣọ díẹ̀ péré láìgún páálí. Igun kọ̀ọ̀kan jẹ́ dígírì 120, nítorí náà ẹyọ mẹ́ta a máa pàdé lójú kan láìsí àlàfo, bí afárá oyin. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá fi mìlímítà kan péré gùn ju èkejì lọ, ojú ìpàdé náà kò ní í bára mu, bí iṣẹ́ bá sì ti ń fẹ̀ sí i ni yóò máa burú sí i, títí aṣọ yóò fi hunjọ.

Ibẹ̀ gan-an ni ilé ìtẹ̀wé yìí ti yege. Mo to páálí wọn léra, mo ń yí èyí tó wà lókè láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́, etí gbogbo wọn sì ń ṣe déédéé. Mo fi ẹyọ mẹ́fà yí ọ̀kan ká, mo tún fi méjìlá yí ìyẹn ká, èyí tí í ṣe òdòdó ẹlẹ́yọ mọ́kàndínlógún tí àwọn ará Amẹ́ríkà gbádùn láti máa rán ní nǹkan bí ọdún 1930. Kò sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti yọ láàárín wọn. Sísọ́ọ̀sì kò lè ṣe èyí, bó ti wù kí ọwọ́ ẹni dúró tó. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún wọn yékéyéké pé gígùn ẹ̀gbẹ́ kan ni ẹ ń wọ̀n, nítorí wọn kì í béèrè: páálí oní-íńṣì kan jẹ́ íńṣì méjì láti igun dé igun tó dojú kọ ọ́.

Oríṣi méjì ni wọ́n ní. Mo fara mọ́ ti gíráàmù 160 (ìwọ̀n páálí tó fẹ̀ ní mítà kan, tó sì gùn ní mítà kan), tí ó le tó kí etí aṣọ ṣẹ́ dáadáa lára rẹ̀, síbẹ̀ tí a lè tẹ̀ ẹ́ nígbà tí a bá ń rán ẹ̀gbẹ́ tó wọ inú kọ̀rọ̀. Ti gíráàmù 300 máa ń dá ọwọ́ lágara. Wọn kò lu ihò sí àárín páálí, àléébù ni èyí lójú mi, nítorí ihò yẹn ni a fi ń fa páálí yọ nígbà tí gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá ti di rírán. Páálí tí kò bá ya ṣe é tún lò, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀: kúbùsù tí ó fẹ̀ ní íńṣì 60, tí ó gùn ní 80, yóò gba nǹkan bí ẹyọ 1,850 oní-íńṣì kan.

Ohun tí àwọn obìnrin Ìlọrin máa ń kọ́kọ́ bi mí ni bóyá a lè fi aṣọ òfì ṣe é. Mo fẹ́ràn òfì púpọ̀, ṣùgbọ́n ó nípọn, etí rẹ̀ sì máa ń tú. Níbi tí ẹyọ mẹ́ta bá ti pàdé, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti ṣẹ́ etí sínú, yóò wú. Àǹkárá àti kàǹpálà tí àwọn télọ̀ ń gbá dànù ló dára jù, bí a bá ti kọ́kọ́ fọ̀ wọ́n kí àwọ̀ wọn má baà ṣí sára ara wọn. Ẹni tí òfì bá wù dandan, kí ó ní kí wọ́n gé páálí oní-íńṣì mẹ́ta fún òun, kí ó sì fi ìdajì íńṣì sílẹ̀ fún etí tí yóò ṣẹ́.