Àrọ tó bá mi lé afẹ́fẹ́ jáde nínú rédíétọ̀ ọkọ̀ mi

Fún bí oṣù mẹ́ta, àràárọ̀ ni mò ń bu omi sí rédíétọ̀ kí n tó kúrò ní Kubwa, l'Abuja. Píọ̀ wọ́tà méjì lónìí, mẹ́ta lọ́la. Mẹkáníìkì àdúgbò wa pààrọ̀ ìdérí rédíétọ̀, ó ní ó ti parí. Ọjọ́ tí à ń lọ sí Ìlọrin, a ò tíì dé Abaji tí ọwọ́ aago ooru fi sáré gòkè, ó já wálẹ̀, ó tún gòkè. Mò ń gbọ́ omi tó ń ró gbùlúgbùlú lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù. Mẹkáníìkì tá a rí lójú ọ̀nà ní kí òun yọ thermostat dànù. Mo kọ̀ jálẹ̀. Thermostat ló ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná dé ìwọ̀n tó yẹ kó sì dúró síbẹ̀, yíyọ rẹ̀ ò sì lè dí ibi tó ń jò.

Ọ̀rẹ́ mi ló júwe mẹkáníìkì ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kan fún mi ní Kugbo. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sọ ni, "Màmá, ẹ má tíì bu omi sí i o. Ẹ má sì ṣí i, ẹ jẹ́ kó tutù ná." Nígbà tó tutù, ó de páǹpù ọlọ́wọ́ kan tó ní aago lára mọ́ ẹnu rédíétọ̀, ó sì fún afẹ́fẹ́ sí i dé 1.1 bar, iye tí wọ́n tẹ̀ sórí ìdérí gan-an. A dúró. Ọwọ́ aago ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń jò níbì kan nìyẹn. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sẹ́yìn ẹ́ńjìnnì: họ́ọ̀sì tó ń gbé omi lọ sí hítà (ẹ̀rọ tó ń mú inú ọkọ̀ gbóná) ti là létí kílíìpù, coolant (omi tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù) tó gbẹ mọ́ ọn sì le bí èépá. Ta ló ń tan hítà ní Abuja? Kò sẹ́ni tó ronú wo ibẹ̀.

Ó pààrọ̀ họ́ọ̀sì, ó ṣan inú rédíétọ̀ mọ́. Afẹ́fẹ́ tó há sínú ló kù, òun ló sì ní kí n ra àrọ yìí. ₦22,000 ni mo rà á ní Apo. Oníke ni, ó tóbi, ó ní ẹnu oríṣiríṣi tó ń wọ ẹnu rédíétọ̀ pinpin, àti ọ̀pá gígùn tí a fi ń dí ìdí rẹ̀. Ó ga ju gbogbo ibi tí omi ń gbà lọ, afẹ́fẹ́ ò sì níbòmíì tó máa gbà ju inú rẹ̀ lọ.

Fúnra mi ni mo lò ó. Mo gbé imú ọkọ̀ kọ òkè níbi tí ilẹ̀ ti dagun, mo po coolant àti omi distilled dọ́gbadọ́gba sínú àrọ dé ìdajì, mo tan ẹ́ńjìnnì, mo yí hítà dé ibi tó gbóná jù. Oòrùn oṣù kẹta, òógùn bò mí! Ìhó afẹ́fẹ́ ńláńlá kọ́kọ́ ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn bí ogún ìṣẹ́jú, họ́ọ̀sì òkè gbóná lójijì, omi inú àrọ sì wọlé fìì. Thermostat ti ṣí nìyẹn. Mo bu sí i, mo fi àkísà di họ́ọ̀sì mú, mò ń rọra fún un, ìhó wẹ́wẹ́ ń tẹ̀ lé e títí fáànù fi tan lẹ́ẹ̀mejì, tí ojú omi sì pa rọ́rọ́. Tí ìhó bá kọ̀ tí kò dáwọ́ dúró, tí èéfín funfun tún ń jáde, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ gásíkẹ̀ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì ló jó. Àrọ ò lè ṣe nǹkan kan sí ìyẹn.

Ohun tó dùn mí ni rọ́bà ẹnu rẹ̀ kan tó rọ̀ jù, tó ń jò tí mi ò bá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Kò sì sí èyí tó bá ọkọ̀ Jámánì Bàbá Ṣadé mu nínú gbogbo ẹnu tó wà níbẹ̀. Ẹ gbé ìdérí ọkọ̀ yín dání lọ sọ́jà, kí ẹ fi wọ̀n ọ́n.

Mo fi màákà fàlà sí ara ike coolant lọ́jọ́ yẹn. A ti lọ sí Ìlọrin, a ti bọ̀, ibi tí mo fàlà sí náà ló ṣì wà láàárọ̀ yìí.