Ẹ ṣọ́ra fún ọmọ ọ̀pẹ “Tenera” tí wọ́n ní àwọn fọwọ́ ara àwọn ṣe lẹ́yìn ilé

Ẹ̀yin àgbẹ̀ ẹlẹgbẹ́ mi, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ti ń ṣán oko sílẹ̀ de òjò, ẹ ka èyí tán kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin kan wà tó ń polówó ọmọ ọ̀pẹ lórí WhatsApp. Ó ní Tenera, irú ọ̀pẹ tí epo rẹ̀ pọ̀, ni gbogbo rẹ̀, pé òun fúnra òun ló ń gbọn lẹ́búlẹ́bú lára òdòdó akọ, tí òun ń fẹ́ ẹ sára òdòdó abo lẹ́yìn ilé òun. Ó ní fọ́tò àpò funfun tí wọ́n dì mọ́ òdòdó ọ̀pẹ, òun náà wọ ìbọ̀wọ́, ó dúró tì í. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, torí òun nìkan kọ́ ló wà nídìí gbájúẹ̀ yìí. Mo ti rí fọ́tò kan náà lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Fídíò tó fi sí ẹgbẹ́ wa ló tú u fó. Ó kó kóró ẹyìn sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi òkúta fọ́ ọ̀kan, ó ní, “Ẹ wo èèpo rẹ̀ bó ṣe fẹ́lẹ́. Ẹ̀rí Tenera nìyí, òun náà ni mò ń mú hù.” Làwọn èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè nọ́ńbà àkáǹtì. Èèpo fẹ́lẹ́ yẹn gan-an ló sì yẹ kó lé wọn sá.

Oríṣi ọ̀pẹ mẹ́ta ló wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Dura ni èyí tó pọ̀ jù nínú igbó wa: èèpo kóró rẹ̀ nípọn, ẹran ara ẹyìn rẹ̀ kéré. Pisifera kò ní èèpo lára kóró rárá, ṣùgbọ́n ìdì rẹ̀ sábà máa ń rà kó tó gbó. Òdòdó akọ rẹ̀ la nílò. Bí a bá fi lẹ́búlẹ́bú Pisifera sí òdòdó abo Dura, Tenera ni gbogbo ọmọ tí wọ́n máa bí, ẹran ara rẹ̀ á pọ̀, epo rẹ̀ á sì pọ̀. Láti ọdún 1941 ni àwọn onímọ̀ nípa ọ̀pẹ, Beirnaert àti Vanderweyen, ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní Kóńgò bí àjogúnbá èèpo yìí ṣe ń lọ.

Ibi tí wọ́n ti ń mú wa rèé: èèpo tó bo kóró kì í ṣe ti ọmọ inú rẹ̀. Aṣọ tí ìyá fi pọn ọmọ ni. Kóró Tenera gidi, ara ìyá Dura ló ti wá, nítorí náà èèpo rẹ̀ á nípọn dandan. Kóró eléèpo fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń fi hàn yín, lábẹ́ igi Tenera ni wọ́n ti ṣà á, ọmọ rẹ̀ kò sì ní dà bí ìyá rẹ̀. Bí Tenera bá gba lẹ́búlẹ́bú Tenera, nínú ọmọ mẹ́rin, méjì péré ló máa jẹ́ Tenera; ọ̀kan á jẹ́ Dura, ọ̀kan á jẹ́ Pisifera. Igi 143 la máa ń gbìn sí hẹ́kítà kan. Ẹ ṣírò rẹ̀: nǹkan bí 36 á jẹ́ Dura, nǹkan bí 36 mìíràn tó jẹ́ Pisifera á dúró sóko, á máa jẹ ajílẹ̀ yín, kò sì ní sí ìdì tí ẹ máa gé lórí rẹ̀. Bó bá jẹ́ lẹ́búlẹ́bú Dura inú igbó ló bà lé ìyá Tenera, ìdajì ni Dura.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n gbọ́dọ̀ ti di àpò mọ́ òdòdó abo ní bí ọ̀sẹ̀ kan kó tó là, torí àwọn kòkòrò kéékèèké tó ń gbé lẹ́búlẹ́bú láti ọ̀pẹ dé ọ̀pẹ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ihò kékeré lára àpò, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Wọ́n á sá lẹ́búlẹ́bú Pisifera, wọ́n á pò ó mọ́ pọ́dà, wọ́n á fẹ́ ẹ wọnú àpò. Ìdì á tún lo bí oṣù márùn-ún sí mẹ́fà kó tó pọ́n, kóró á wá jókòó sínú ooru tó sún mọ́ 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kó tó lè hù dáadáa. Mo bi ọkùnrin yìí pé níbo ni igi Pisifera rẹ̀ wà. Ó ní àṣírí iṣẹ́ ni. Mo tún un bi, ó yọ mí kúrò nínú ẹgbẹ́.

Aládùúgbò mi kan lóko ti ra irú ọjà yìí rí lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Nígbà tí ọ̀pẹ rẹ̀ so, a mú ọ̀bẹ lọ, à ń gé ẹyìn láàárín. Ti Tenera, ọ̀bẹ á gba inú rẹ̀ kọjá, ẹ ó sì rí àmì dúdú tíntìntín, okùn ara rẹ̀ ni, tó yí èèpo ká nínú ẹran ẹyìn. Ti Dura kò ní àmì yẹn, ọ̀bẹ á sì kọ́. Lórí ìlà kan ṣoṣo, igi àkọ́kọ́ jẹ́ Tenera, èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ Dura, ìdì tó wà lórí ẹ̀kẹta ti rà dúdú. Ó ti ro oko yẹn fún ọdún mẹ́ta kó tó mọ̀. Nọ́ńbà ẹni tó tà á fún un kò lọ mọ́.

Ẹ má gbọ́ ti ẹni tó bá ní kí ẹ wo ewé tàbí ìdí ọmọ ọ̀pẹ láti mọ Tenera. Ojú kò lè mọ̀ ọ́n ní kékeré. Àyẹ̀wò DNA nìkan ló lè sọ ọ́, láti ìgbà tí wọ́n ti rí àbùdá èèpo náà lọ́dún 2013. Àwọn mìíràn ò tiẹ̀ ṣe wàhálà kóró, ṣe ni wọ́n ń hú èyí tó hù fúnra rẹ̀ lábẹ́ ọ̀pẹ, wọ́n á rọ́ ọ sínú náílọ́nù. Ẹ tú ọ̀kan wò: bí gbòǹgbò bá ti já, tí iyẹ̀pẹ̀ ò dì mọ́ ọn, ẹ dá a padà.

NIFOR, ilé iṣẹ́ ìwádìí ọ̀pẹ ti ìjọba Nàìjíríà, wà nítòsí Ìlú Benin láti ọdún 1939, wọ́n ń ta kóró tó ti hù àti ọmọ ọ̀pẹ. Ẹ̀yin ará Kétu àti Sákétẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin, ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ wà ní Pobẹ̀ nítòsí yín. Ẹ lọ fúnra yín tàbí kí ẹ rán ẹni tí ẹ mọ̀. Fọ́tò ìwé olórí NIFOR lórí fóònù kì í ṣe rìsíìtì, àkáǹtì ẹnìkan kì í sì í ṣe ti NIFOR.

Ẹ̀yin tí ẹ ti sanwó fún ọkùnrin onífídíò yìí, ẹ má pa ẹ̀rí owó tí ẹ fi ránṣẹ́ rẹ́, ẹ má sì pa fídíò náà rẹ́. National Agricultural Seeds Council ló ń bójú tó ọ̀rọ̀ irúgbìn ní Nàìjíríà, òfin wọn ti ọdún 2019 sì ka títa ayédèrú irúgbìn sí ọ̀ràn. Ẹ kọ orúkọ tó wà lórí àkáǹtì tí ẹ sanwó sí ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀, ká lè kó gbogbo rẹ̀ lọ bá wọn pọ̀.