Wíwá orísun àbí yíyẹ àlàyé wò: èwo ló ń tú irọ́ fó?

Wíwá orísun ló yá jù. Wo ohun tí àwọn ẹlòmíràn sọ nípa ẹni tó gbé ọ̀rọ̀ náà jáde; bó bá jẹ́ àwòrán, fi Google wá ọjọ́ tó ti wà níta. Àwòrán àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní tòní kì í sábà mú un jẹ. Àmọ́ orúkọ ńlá máa ń fọ́ ọ̀nà yìí lójú. Lọ́dún 1998, The Lancet, ìwé ìmọ̀ ìṣègùn tó lókìkí, tẹ ìwádìí tí dókítà Andrew Wakefield fi so abẹ́rẹ́ àjẹsára MMR, tó ń dáàbò bo ọmọdé lọ́wọ́ èéyi, ṣegede àti rubella, mọ́ autism (ìyàtọ̀ nínú bí ọpọlọ ọmọ ṣe ń dàgbà). Ọdún 2010 ni wọ́n tó fagi lé e.

Ẹni tó bá yẹ àlàyé rẹ̀ wò ì bá ti fura tipẹ́: ọmọ 12 péré ló wà nínú ìwádìí náà, kò sí ọmọ tí kò gba abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi wé wọn, ọjọ́ orí tí àmì autism sì máa ń hàn ni wọ́n ń gba abẹ́rẹ́ ọ̀hún. Kì í ṣe gbogbo ohun tó tẹ̀ lé nǹkan ni nǹkan náà fà. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí o yẹ ọ̀rọ̀ bí “ewu ti di ìlọ́po méjì” wò: ó lè jẹ́ láti ẹnì 1 sí 2 nínú 10,000. Àléébù yíyẹ àlàyé wò ni pé àlàyé lè gún régé lórí iye tí wọ́n kàn hùmọ̀.

Fún àwòrán àti fídíò, orísun ni kí o kọ́kọ́ wá. Fún ọ̀rọ̀ ìlera, àlàyé ni, kódà bó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ló sọ ọ́.